Ìbẹ́pẹ Puna: Àrùn Lọ, Ó Ku Ọjà

Oṣù kẹrin ọdún 1992 ni wọ́n gbin àwọn igi ìbẹ́pẹ kan sí oko àyẹ̀wò ní Waimanalo, ní erékùṣù Oahu ní Hàwáì. Irú wọn kò tíì sí lóko àgbẹ̀ kankan nígbà náà. Wọ́n ti mú jíìnì kan, ìyẹn ẹyọ kan nínú àkọsílẹ̀ àbínibí tí ohun abẹ̀mí fi ń ṣiṣẹ́, lára fáírọ́ọ̀sì tí ń ba ìbẹ́pẹ jẹ́, wọ́n fi sára igi náà, kí fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ má baà rí i gbé ṣe mọ́. Oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni ìròyìn jáde láti Puna, ní erékùṣù tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Erékùṣù Ńlá, pé fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún ti wọlé. Puna nìkan ló sì ń pèsè nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ìbẹ́pẹ tó ń ti Hàwáì jáde.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí fẹ́ràn láti máa sọ pé orí ló ṣe é, pé oògùn àti àrùn pàdé lẹ́nu ọ̀nà. N kò bá wọn jiyàn orí. Ṣùgbọ́n láti 1978 ni wọ́n ti ń wá oògùn yẹn kiri, nígbà tí kò tíì sí igi kan tó ṣàìsàn ní Puna. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, àti ibi tí agbára rẹ̀ kò dé.

Lọ́dọ̀ wa, ìbẹ́pẹ kì í sábà jẹ́ ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ ní oko. Igi ẹ̀yìnkùlé ni: ẹnìkan jẹ ẹ́, ó da kóró nù, òjò rọ̀, igi yọ. À ń já ewé rẹ̀ sí àgbo ibà, à ń ká èso rẹ̀ fún ọmọdé, a kì í bi í léèrè ohunkóhun mìíràn. Ní Puna, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ará Filipínì tó ṣí wá sí Hàwáì, orí ilẹ̀ tí wọ́n háyà ni wọ́n sì ti ń dáko.

Bí àgbẹ̀ Oǹdó tàbí ti Ìjẹ̀bú bá rí ilẹ̀ náà, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Kò sí ohun tí ọkọ́ fẹ́ tú níbẹ̀. Àpáta dúdú ni, èyí tí òkè oníná Kilauea pọ̀ jáde ní yíyọ́, tó ṣàn, tó tutù, tó sì gan. Katapílà ni wọ́n ń gbé gùn ún, tí yóò máa rún ojú àpáta náà títí yóò fi di òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n á wá gbẹ́ ihò, wọ́n á bu erùpẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á ju kóró ìbẹ́pẹ mélòó kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Òjò ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n omi kì í dúró láàárín òkúta, èyí sì tẹ́ ìbẹ́pẹ lọ́rùn, nítorí kò sí ohun tó tètè ń ra gbòǹgbò rẹ̀ bí omi àdágún.

Ìdí tí kóró fi ń pọ̀ nínú ihò kan ni pé àgbẹ̀ kò lè mọ èyí tí yóò jẹ́ abo àti èyí tí yóò jẹ́ akọ-n-abo títí wọn yóò fi yọ òdòdó. Èso akọ-n-abo a máa gùn, ọrùn rẹ̀ a sì tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni oníbàárà ń fẹ́. Ti abo a máa rí roboto, ihò inú rẹ̀ a sì fẹ̀. Ọjọ́ tí òdòdó bá yọ ni àgbẹ̀ ń yọ ọ̀bẹ: ó ń ṣí ewé òdòdó wò, ó ń gé èyí tí kò fẹ́, ó ń fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún tó yípo tán, ó ti ń ká èso. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta, igi á ti ga ju ibi tí ọwọ́ ń tó lọ, àgbẹ̀ á sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, á lọ háyà òmíràn. Oko tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí igi ṣì wà nínú rẹ̀, máa padà ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Kì í ṣe Puna ni ìbẹ́pẹ Hàwáì ti bẹ̀rẹ̀. Irú tí wọ́n ń gbìn, tó ń jẹ́ Solo, Barbados ni wọ́n ti gbé e dé ní 1911. Kékeré ni, ẹnìkan lè dá jẹ odidi tán. Oahu, níbi tí ìlú Honolulu wà, ni oko rẹ̀ pọ̀ sí nígbà kan. Ní àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ṣàkíyèsí fáírọ́ọ̀sì yìí kan náà, tí wọ́n ń pè ní ringspot, níbẹ̀, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1950, ó ti ba nǹkan jẹ́ débi pé àwọn àgbẹ̀ palẹ̀ mọ́. Puna ni wọ́n kó lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Òkun wà láàárín, ilẹ̀ wà, oòrùn àti òjò pọ̀, àrùn kò sí. Solo kan tó fẹ́ràn àpáta ibẹ̀ ni wọ́n ń gbìn, orúkọ abúlé Kapoho ni wọ́n sì sọ ọ́. Àwọn ènìyàn yìí ti sá fún àrùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì rò pé sísá náà ti tó.

Ringspot kì í pa igi lójijì. Ewé orí ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, tí yóò rí àbàwọ́n-àbàwọ́n. Ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn náà á tẹ́ẹ́rẹ́, á sì lọ́. Ní òkè igi, níbi tó ti tutù, àti lára ọ̀pá tó so ewé mọ́ igi, ìlà-ìlà tó ń dán bí ẹni pé òróró ta sí i á yọ. Lára èso, òrùka-òrùka ni, èyí tó fún àrùn náà lórúkọ. Èso ọ̀hún kò ní dùn mọ́. Igi tó bá kó o ní kékeré kò ní so rárá, èyí tó bá sì ti ń so tẹ́lẹ̀ á máa gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni tó gbìn ín.

Kòkòrò tín-ín-tìn-tín tí ń fa omi ewé mu, aphid, ló ń gbé e kiri. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé aphid kò fẹ́ràn ìbẹ́pẹ. Kì í gbé orí rẹ̀, kì í pamọ sí i. Ó kàn ń bà lé e, ó ń tọ́ ọ wò, kò dùn mọ́ ọn, ó ń fò lọ sí èyí tó kàn. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tó fi tọ́ ọ wò yẹn ti tó fún un láti gbé fáírọ́ọ̀sì lára igi kan kó sì fi sára èkejì. Oògùn apakòkòrò kò lè ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ níbí, nítorí kí oògùn tó mú kòkòrò náà, ó ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Igi tó bá ti kó o kò ní ìwòsàn. Kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì yára gé e, ni gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà ní Hilo àti Keaau, ní erékùṣù kan náà tí Puna wà, lára ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn. Nǹkan bí máìlì 19 péré ni ibẹ̀ sí àwọn oko Puna. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ náà ń rán òṣìṣẹ́ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń gé igi tó bá ní àmì. Iṣẹ́ tí kì í mú orúkọ wá ni, kò sì sí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gé ìbẹ́pẹ ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ òun ló fún Puna ní ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Bí ẹ bá bi mí, àwọn agégi wọ̀nyí yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ nínú ìtàn yìí bí a ti ń dárúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹni tí a ń dárúkọ jù nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni Dennis Gonsalves, onímọ̀ àrùn ewéko. Ọmọ Hàwáì ni, Kohala ni wọ́n bí i sí, lórí oko ìrèké, Yunifásítì Cornell ní New York ló sì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1978 kò ní jíìnì nínú. Wọ́n wá fáírọ́ọ̀sì ringspot kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò le, wọ́n fi ran igi ìbẹ́pẹ, kí èyí tó le má baà ráyè nígbà tó bá dé. Ó ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n igi náà ṣì ń ṣàìsàn díẹ̀, oníkálukú igi ni wọ́n sì ní láti fi í ràn. Àgbẹ̀ wo ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àrùn ran oko rẹ̀, nígbà tí àrùn kò tíì dé? Ọ̀nà yẹn kò lọ jìnnà.

Ní 1986, Roger Beachy àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé tábà tí a bá fi jíìnì èpo ara fáírọ́ọ̀sì sí nínú lè dojú kọ fáírọ́ọ̀sì náà. Gonsalves gbé ọgbọ́n yìí wá sórí ìbẹ́pẹ. Richard Manshardt ti Yunifásítì Hàwáì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Maureen Fitch, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, àti Jerry Slightom tó bá wọn ṣe iṣẹ́ jíìnì. Ìbọn ni wọ́n fi ṣe é, mi ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré: John Sanford ní Cornell ló ṣe ẹ̀rọ kan tó ń yin ẹyọ irin tó kéré jù fún ojú láti rí, tí jíìnì lẹ̀ mọ́ lára, wọ inú ara ewéko. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n yìnbọn sí kò já mọ́ nǹkan. Ẹyọ kan wà tí wọ́n fi nọ́ńbà pè, 55-1, tó jẹ́ pé bí wọ́n ti fi fáírọ́ọ̀sì ràn án tó, kò mú un. Òun ni ìyá gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, òun náà ló sì wọ oko Waimanalo ní oṣù kẹrin 1992.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé èpo fáírọ́ọ̀sì tí igi náà ń ṣe jáde ló ń dáàbò bò ó. Lẹ́yìn ìgbà náà ló hàn pé ọ̀nà mìíràn ni: igi ń ka àkọsílẹ̀ jíìnì náà sí ọ̀tá, ó ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì gidi bá sì gbé irú àkọsílẹ̀ kan náà wọlé, igi á gé tirẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí ààbò náà kì í fi ṣe ti gbogbo ayé. Fáírọ́ọ̀sì Hàwáì ni wọ́n fi ṣe é, fáírọ́ọ̀sì Hàwáì ló sì ń lé. Ringspot tó wà ní àwọn ilẹ̀ mìíràn yàtọ̀ díẹ̀, ó sì lè mú un. Ẹni tó bá rò pé òun lè ra kóró yìí gbìn síbi tó bá wù ú kó sì sùn, kó máa rántí èyí.

Ní Puna, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n ń gé igi bí wọ́n ti ń gé e ní Hilo, ṣùgbọ́n oko yàtọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn oko tí àwọn àgbẹ̀ ti fi sílẹ̀ kún fún igi tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó, aphid ń ti ibẹ̀ fò wá. Ẹlòmíràn ò fẹ́ gé igi tí èso ṣì wà lórí rẹ̀, ta ni yóò sì dá a lẹ́bi nígbà tí owó háyà ń bẹ lọ́rùn rẹ̀? Ní 1994, ìjọba jáwọ́ nínú gígé náà. Nígbà tó máa fi di 1997, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí apá kan ní Puna tí àrùn kò dé. Mílíọ̀nù 53 ìwọ̀n pọ́n-ùn ìbẹ́pẹ ni Puna pèsè ní 1992. Ní 1998, mílíọ̀nù 26 ni.

Ní 1995, wọ́n gbin igi tuntun náà sí Kapoho fúnra rẹ̀, láàárín oko tí àrùn ti jẹ run. Stephen Ferreira ti Yunifásítì Hàwáì wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n ní: SunUp tí inú rẹ̀ pupa, àti Rainbow, èyí tí wọ́n bí nípa fífi SunUp pàdé Kapoho, kí inú rẹ̀ lè jẹ́ ofeefee bí oníbàárà Puna ti mọ̀ ọ́n. Àwòrán kan wà tí wọ́n yà láti òkè. Igun mẹ́rin oko Rainbow dúró ní àárín, ó dúdú minimini, ó kún dé etí ààlà. Yí i ká, igi mìíràn ti di igi eegun, ewé díẹ̀ lórí, àlàfo níhìn-ín àlàfo lọ́hùn-ún, òkúta dúdú ń yọ láàárín wọn. Kò sí àgbẹ̀ tó rí ìyẹn tó tún nílò àlàyé ọ̀jọ̀gbọ́n. Nínú ìdánwò náà, nǹkan bí 125,000 pọ́n-ùn èso tó ṣeé tà ni igi tuntun ń so lórí éékà kan lọ́dún. Ti àtijọ́ kò ju nǹkan bí 5,000 lọ.

Ìwé àṣẹ ló kù. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀gbìn fọwọ́ sí i ní 1996, àwọn méjì yòókù, ti àyíká àti ti oúnjẹ, fọwọ́ sí i ní 1997. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ọgbọ́n tí wọ́n lò jẹ́ ti oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́, Monsanto wà lára wọn, wọn kò sì lè fún àgbẹ̀ ní kóró láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ ìbẹ́pẹ, èyí tí owó tí àwọn àgbẹ̀ ń dá ń gbé ró, ló lọ ṣe àdéhùn náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín kóró, ọ̀fẹ́ ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e, mẹ́sàn-án nínú àgbẹ̀ mẹ́wàá ti gbà á. Ní 2001, Puna ti padà sí mílíọ̀nù 40 pọ́n-ùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń parí ìtàn sí nìyẹn. Lójú tèmi, apá tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń dáko láti tà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Japan jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oníbàárà ńlá ìbẹ́pẹ Hàwáì, owó tí wọ́n ń san sì dára. Japan kò gba Rainbow. Wọn kò sọ pé ó burú; wọ́n ní àwọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán, títí di ìgbà náà, kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kan nínú páálí. Nítorí náà, àwọn àgbẹ̀ kan ní láti máa gbin Kapoho àtijọ́, èyí tí àrùn ń pa, kí wọ́n lè tà fún Japan. Báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe? Rainbow ló bá wọn ṣe é. Nígbà tí wọ́n gé àwọn oko olókùnrùn lulẹ̀, tí Rainbow tí kì í gba fáírọ́ọ̀sì sì bo ilẹ̀, ibi tí aphid ti lè kó àrùn dínkù, Kapoho sì tún rí àyè mí. Igi tí Japan kò fẹ́ ló ń dáàbò bo igi tí Japan ń fẹ́.

Kí wọ́n lè fi dá Japan lójú, wọ́n ṣe ètò kan pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. Àgbẹ̀ á fi àlàfo sílẹ̀ láàárín oko Kapoho rẹ̀ àti ìbẹ́pẹ mìíràn, wọ́n á sì yẹ igi wò kí oko tó gba àṣẹ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe igi tuntun, jíìnì àmì kan wà tí wọ́n fi kún un. Wọ́n á já ewé díẹ̀ lára igi, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kẹ́míkà. Bí ó bá di búlúù, Rainbow tàbí ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n á gé e. Àtíkè òdòdó, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú akọ tó ń mú òdòdó so, tó bá ti ara Rainbow wá, kì í ṣèdíwọ́ tó bí àwọn ènìyàn ti rò, nítorí òdòdó akọ-n-abo sábà máa ń gba àtíkè ara rẹ̀ kó tó ṣí. Bí ó bá tiẹ̀ gba ti Rainbow, inú kóró ni jíìnì náà ń wọ̀; ara èso tí a ń jẹ jẹ́ ti igi tó so ó. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá gbin kóró bẹ́ẹ̀ ti gbin ohun tí kò mọ̀, àwọn tó ń dáko láìlo kẹ́míkà ní erékùṣù náà sì ní ẹjọ́ tó tọ́ láti rò lórí ìyẹn.

Kánádà gbà á ní 2003. Japan kò gbà á títí di ìparí 2011, ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn tí wọ́n pín kóró. Nígbà yẹn, ìbẹ́pẹ Filipínì ti gba ààyè lórí igbá níbẹ̀. Ẹni tó ń ra ti Filipínì fún ọdún mẹ́wàá kì í torí pé ìjọba fọwọ́ sí ìwé padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà fún un tẹ́lẹ̀.

Nílé pàápàá, kò rọrùn. Láàárín 2010 sí 2013, àwọn kan ń wọ oko ní òru, wọ́n ń fi àdá gé igi ìbẹ́pẹ ní ìdajì. Ní ìparí 2013, ìgbìmọ̀ aṣòfin erékùṣù náà ṣe òfin tó dí GMO tuntun, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fọwọ́ kan jíìnì rẹ̀, lọ́wọ́. Ìbẹ́pẹ ni wọ́n yọ sílẹ̀, nítorí bí wọ́n bá fi kún un, kò sí oko tó kù. Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ ti fagi lé òfin náà lẹ́yìn náà. Mo ń fi ọ̀rọ̀ yìí wé àríyànjiyàn tiwa lórí ẹ̀wà GMO tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019. Ohun tí à ń bi ara wa ni bóyá yóò pa wá. Ní Puna, ìbéèrè tó ná àwọn àgbẹ̀ lówó jù ni ta ni yóò rà á, ó sì yẹ kí wọ́n ti bi í ní 1992, nígbà tí Japan ṣì ń rà.

Ọ̀rọ̀ kóró náà kò tíì tán. Rainbow jẹ́ ọmọ òbí méjì tó yàtọ̀; bí àgbẹ̀ bá kó kóró inú rẹ̀ gbìn, ohun tó máa yọ kò ní dọ́gba, òmíràn inú rẹ̀ á pupa, òmíràn á ofeefee, ìdá kan nínú mẹ́rin kò sì ní ní ààbò. Ìgbà gbogbo ló ní láti padà síbi tí wọ́n ti ń pèsè kóró.

Lẹ́yìn náà ni iná dé. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 2018, ilẹ̀ là ní Leilani Estates ní Puna, Kilauea sì ń da àpáta yíyọ́ jáde títí di oṣù kẹjọ. Ó jẹ ilé tó lé ní 700. Ó bo Kapoho, ó dí etíkun rẹ̀, ó sì gbé ọ̀pọ̀ oko ìbẹ́pẹ lọ. Ojú ọ̀nà 132, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà lọ sóko, wà lábẹ́ àpáta títí di oṣù kọkànlá 2019, tó fi jẹ́ pé ẹni tí iná kò tilẹ̀ kan oko rẹ̀ kò rí ọ̀nà lọ ká èso. Láti 1960, nígbà tí iná kan náà jó abúlé Kapoho, ni àwọn ará Puna ti mọ̀ pé ilẹ̀ tí àwọn ń háyà ní onílẹ̀ mìíràn. Àwọn tó padà sóko ń gbin Rainbow jù lọ, Hàwáì àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ń tà á sí.